“Taya Yọ” Kò Tó: Èdè-Ìperí fún Ìjàǹbá Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ àti Ìpáàrà Lára Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Tí Ó Ti Gbó

1. Ìfáárà

Èrò kan wà tí ó máa ń dí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí lọ́wọ́. Èrò náà ni pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti pé àwa olùkọ́ èdè ni a ó jókòó sínú ọ́fíìsì láti dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èrò yìí kò tọ̀nà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn mẹ́káníìkì, fọkanáísà, wẹ́dà àti awakọ̀ ti ń fi èdè Yorùbá sọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ fún ara wọn, tí wọ́n sì ń gbọ́ra wọn yé. Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe ni kí a tẹ́tí sí wọn, kí a ṣa ọ̀rọ̀ wọn jọ, kí a yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, kí a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààyè tí ó bá a mu. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a ó wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọgbà mẹ́káníìkì.

Ohun méjì ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: oríṣiríṣi ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ó ti gbó fi máa ń kọṣẹ́, àti ìpáàrà tí ń jẹ irin ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. A kò kó méjèèjì pọ̀ lásán. Gẹ́gẹ́ bí a ó ti fi hàn níwájú, ọ̀kan lè bí èkejì.

Ìdí mìíràn tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dànù lójú ọ̀nà, gbólóhùn tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn, àti nínú ìròyìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá, ni pé “taya ló yọ”. Gbólóhùn kúkúrú yìí lè dúró fún ohun márùn-ún, ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ pé taya ni ó bẹ́, a ó bèèrè ọjọ́ orí taya àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ni ó dẹ̀, a ó bèèrè ẹni tí ó de ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé bíárìn ni ó fọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́dọ̀ fọkanáísà, ó ti di ti mẹ́káníìkì. Bí orúkọ kan bá bo gbogbo ìwọ̀nyí mọ́lẹ̀, ẹni tí ó jẹ̀bi kò ní í hàn, àtúnṣe tí ó yẹ kò ní í wáyé, ìjàǹbá kejì yóò sì tẹ̀lé èkíní.

2. Ìlànà tí a tẹ̀ lé

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣẹ̀dá èdè-ìperí kì í ṣe ohun tuntun fún òǹkàwé wa. Láti ọdún 1970, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ni ó ti hàn gbangba pé èdè yìí lè gbé ẹrù ìmọ̀ òde-òní. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó sì jáde ní 1984, fi ẹsẹ̀ ìlànà náà múlẹ̀ fún ẹ̀ka èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sí lára ohun tí ìwé náà dá lé. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi pọ̀ nílẹ̀ fún wa.

Ọ̀nà mẹ́rin ni a ó lò: àyálò, ìfẹ̀lójú ìtumọ̀, ìṣẹ̀dá nípa àfòmọ́ tàbí àkànpọ̀, àti ìyàsọ́tọ̀ ọ̀rọ̀ onítumọ̀ kan náà. Ọ̀nà kẹrin yìí ni a kì í sábà náání. Bí èdè bá ní ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta fún ohun kan, onímọ̀ èdè-ìperí lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó má baà wá ọ̀rọ̀ lọ sí òkèèrè. A ó rí i bí èyí ti wúlò tó nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìpáàrà.

3. Orúkọ àwọn ẹ̀yà ẹsẹ̀ ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè máa ń fún wa fún ohun róbótó tí ń yí lábẹ́ ọkọ̀ ni “kẹ̀kẹ́”. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí a bá dárúkọ kẹ̀kẹ́, ohun tí ń gùn ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tí ń gbọ́. Àwọn awakọ̀ ti yanjú ìṣòro yìí fúnra wọn. Wọ́n ń pe ọkọ̀ ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Àní kẹ̀kẹ́ pàápàá ti ní ẹsẹ̀, nítorí a ń sọ pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà, “ẹsẹ̀ ọkọ̀” ni a fara mọ́ fún gbogbo ohun tí ń yí ní igun kọ̀ọ̀kan ọkọ̀, láti taya dé bíárìn.

Ẹ̀yà márùn-ún ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra. Taya ni rọ́bà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Rìmù ni irin tí taya jókòó lé. Họ́ọ̀bù ni irin àárín tí a de rìmù mọ́. Bóòtù ni àwọn irin gígùn tí ó yọrí jáde lára họ́ọ̀bù, tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ sí. Bíárìn ni ó wà nínú họ́ọ̀bù, tí ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí láìha. Gbogbo orúkọ wọ̀nyí ni ó jẹ́ àyálò, kò sì sí ìdí tí a ó fi lé wọn lọ, nítorí wọ́n ti di ọmọ onílé. Ẹni tí ó bá lọ sí ọgbà mẹ́káníìkì láti lọ bèèrè “ìyípo-àárín” dípò họ́ọ̀bù yóò padà lọ́wọ́ òfo.

4. Ọ̀rọ̀-ìṣe: ibi tí ọgbọ́n èdè náà wà

Bí orúkọ ẹ̀yà bá jẹ́ àyálò, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ ohun tí ó ṣe wọ́n jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé. Níhìn-ín ni a ti rí i pé èdè wa ti pín ìbàjẹ́ ohun sí ìsọ̀rí kí sáyẹ́ǹsì òde-òní tó dé. Ohun líle tí ó gùn, bí ọ̀pá àti egungun, a máa kán. Ohun tí ó ṣeé lọ́, bí okùn, a máa já. Ohun tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ a máa bẹ́. Ohun bí ìkòkò àti gíláàsì a máa fọ́. Ohun pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ a máa ya. Ohun tí ihò dá sí lára a máa lu. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé “taya ya” àti “taya bẹ́” ti sọ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú èkíní, ara rọ́bà ni ó ṣí. Nínú èkejì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó fi agbára jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú nọ́ọ̀tì ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìfúnpọ̀ rẹ̀ bá ti dín kù ṣùgbọ́n tí ó ṣì wà ní ipò rẹ̀, a ó sọ pé ó dẹ̀. Bí ó bá ti ń yí padà sẹ́yìn lójú okùn ara bóòtù, a ó sọ pé ó ń tú. Bí ó bá ti kúrò pátápátá, ó yọ. Ìpele mẹ́ta nìyí, ó sì ṣe pàtàkì kí awakọ̀ mọ̀ wọ́n, nítorí ní ìpele kìíní ni sípánà nìkan ṣì lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ìṣòro kan tún wà tí ó kan àkọtọ́. Mẹ́káníìkì lè sọ pé nọ́ọ̀tì yọ, ó sì lè sọ pé nọ́ọ̀tì yọ̀. Èyí tí ó ní ohùn àárín túmọ̀ sí pé nọ́ọ̀tì ti jáde. Èyí tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ túmọ̀ sí pé okùn inú rẹ̀ ti jẹ, tí ó fi ń yí lásán láìdi ohun kankan mú. Ẹni tí nọ́ọ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ yọ nílò nọ́ọ̀tì mìíràn. Ẹni tí tirẹ̀ yọ̀ lè nílò bóòtù tuntun pẹ̀lú. Òǹtẹ̀wé tí ó bá fi àmì ohùn sílẹ̀ nínú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ ti da àìsàn méjì pọ̀ mọ́ra. Àwọn tí ń sọ pé àmì ohùn kò wúlò níta kíláàsì lítíréṣọ̀ kò tíì ronú dé ibí yìí.

A kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín wo àwọn ọ̀rọ̀ aṣàfarawé-ìró. Bí bíárìn bá ti ń jẹ, awakọ̀ á sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń dún “hùùù”, pé ìró náà ń ga sí i bí eré ti ń pọ̀ sí i, ó sì ń yí padà bí ọkọ̀ bá ń yà sí apá kan. Bí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀, ìró rẹ̀ á máa ṣe “kọ́lọ́-kọ́lọ́” bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Àlàyé àìsàn ni ìwọ̀nyí. Ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ tí a bá kọ ní Yorùbá tí kò lò wọ́n ti sọ ohun èlò tí ó mú jù lọ nù.

5. Ìpáàrà, ìpẹtà àti ìdógùn-ún

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ fún ohun pupa rẹ́súrẹ́sú tí ń bo irin. “Ìpáàrà” ni àwọn tí ń ka Bíbélì mọ̀ láti inú Ìwé Mátíù orí kẹfà. “Ìpẹtà” ni àwọn mìíràn ń lò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe “dípẹtà”. “Dógùn-ún” sì ni a sábà máa ń sọ nípa àdá tàbí ọ̀bẹ tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́. Ìwé atúmọ̀ èdè kò ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ rárá.

Kí a tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí irin. Irin kò lè dógùn-ún bí omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kò bá dé ara rẹ̀ pọ̀. Olùkọ́ lè fi èyí han ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìgò mẹ́rin àti ìṣó mẹ́rin. Kí ó fi ìṣó kìíní sínú ìgò gbígbẹ tí a fi ohun tí ń fa omi sí, kí ó sì dé e. Kí ó ri ìkejì sínú omi tí a ti sè láti lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ó da òróró lé omi náà lórí. Kí ó ri ìkẹta sínú omi lásán, kí ó sì ri ìkẹrin sínú omi iyọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ìṣó kìíní àti ìkejì yóò ṣì máa dán. Ìkẹta yóò ti dógùn-ún. Ti ìkẹrin ni yóò sábà burú jù. Iyọ̀ kò sí lára ohun tí ń di ìpáàrà, ṣùgbọ́n ó ń mú kí iná mànàmáná lè ṣàn dáadáa nínú omi tí ó bo irin. Irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń bá ìdógùn-ún rìn.

Ohun tí ó ń tibẹ̀ jáde ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń kọ ní Fe₂O₃·nH₂O. Ohun méjì ni ó mú un burú. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í lẹ̀ mọ́ irin dáadáa. Ó ń ṣí, ó ń bọ́, irin tuntun sì ń hàn sí omi. Alumíníọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí èèpo tí ó ń yọ lójú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, ó sì ń dáàbò bò ó. Lọ́nà kejì, ìpáàrà ń wú. Ààyè tí ó ń gbà ju ti irin tí ó jẹ lọ, ó sì máa ń ju ìlọ́po méjì rẹ̀.

Àbá wa nìyí. Kí “ìdógùn-ún” dúró fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí “ìpáàrà” dúró fún ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń mú jáde. Kí “ìpẹtà” dúró fún ìpáàrà tí ó ti nípọn, tí ó ti wú, tí ó sì ń ṣí ní ipele-ipele. Ìpele tí ó gbẹ̀yìn, nígbà tí irin ti di ihò, ni a ó máa pè ní “ìjẹlu”, nítorí àwọn wẹ́dà ti ń sọ pé irin “ti jẹ, ó ti lu”. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Irin tí ó ní ìpáàrà lójú ṣeé ha, ó ṣeé kùn. Irin tí ó ti dé ìpẹtà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sábẹ́ òòlù, kí a mọ iye tí ó kù nínú rẹ̀. Èyí tí ó ti dé ìjẹlu, gígé ni a ó gé e kúrò.

Àwọn páńẹ́ẹ̀lì-bítà kan a máa fi bọ́dìfílà dí ihò, wọn a sì kùn ún kí ó lè dán. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ bọ́dìfílà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ lè fi dán an wò. Bí ọ̀dà bá sì là níbì kan, omi yóò gbabẹ̀ wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

6. Bí ìpáàrà ṣe ń yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bóòtù ni ó gbé ẹrù ọkọ̀ dúró bí èèkàn tí a so ẹran mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá de nọ́ọ̀tì dáadáa, bóòtù a nà díẹ̀, a sì máa fẹ́ padà sí bí ó ti wà. Ìfẹ́padà yìí ni ó ń fún rìmù àti họ́ọ̀bù pọ̀ tí ọ̀kan kò fi lè yí lórí èkejì. A dábàá “ìfúnpọ̀” fún agbára náà, àti “ipá ìyí” fún agbára tí a fi sípánà yí nọ́ọ̀tì. Fún àpẹẹrẹ, ipá ìyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ Toyota Tacoma là sílẹ̀ fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 113 Nm.

Wàyí o, bí ìpẹtà bá wà láàárín rìmù àti họ́ọ̀bù nígbà tí a de nọ́ọ̀tì, yóò dà bí ẹni pé ó le. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, ìpẹtà náà yóò máa fọ́ túútúú, yóò sì máa bọ́. Àlàfo tí kò tó ìdá kan mílímítà ti tó láti pa ìfúnpọ̀. Nọ́ọ̀tì á dẹ̀, rìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bóòtù á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn bí wáyà tí ọmọdé ń ṣẹ́ lọ ṣẹ́ bọ̀. Ojú sísán kékeré á yọ lára bóòtù, á máa jìn sí i, títí bóòtù náà yóò fi kán. Àwọn tí ó kù á gba ẹrù rẹ̀, àwọn náà á kán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sì bọ́.

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún irú kíkán báyìí túmọ̀ sí àárẹ̀ irin. A kò fara mọ́ ọn ní Yorùbá. Ẹni tí àárẹ̀ mú, bí ó bá sinmi, agbára rẹ̀ á padà. Irin tí ó ti sán kò ní ìsinmi tí ó lè wò ó sàn. “Ìkándíẹ̀díẹ̀” ni a dábàá, nítorí ó ń kọ́ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ìjàǹbá náà ti ṣáájú ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú họ́ọ̀bù àti ẹ̀yìn rìmù mọ́ kí a tó dà wọ́n pọ̀. Kí a má ṣe kun ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ní ọ̀dà tí ó nípọn. Kí a de nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọra, kì í ṣe ní títò yípo. Lẹ́yìn ìrìn bíi kìlómítà 80 sí 160, kí a tún dán wọn wò. Ní ti bíárìn, kí a fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí a di taya mú lókè àti nísàlẹ̀, kí a sì mì ín. Bí ó bá ń fì, ó yẹ kí mẹ́káníìkì tú u wò. Omi tí ó bá gba ojú sílì wọlé a máa ba gírísì jẹ́, a sì máa dá ihò wẹ́wẹ́ sójú irin bíárìn. Ìpáàrà náà tún nìyẹn, ní ibi tí ojú kò tó.

7. Àpẹẹrẹ kan láti òkèèrè

Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí òtútù ti ń mú ní Amẹ́ríkà, wọ́n a máa da iyọ̀ sójú títì nígbà òjò-dídì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí ń ta sábẹ́ ọkọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ṣáàsí. Ní ọdún 2008, Toyota kéde pé òun yóò ṣe onígbọ̀wọ́ ṣáàsí píkọ́ọ̀pù Tacoma tí òun ṣe láàárín 1995 sí 2000 fún ọdún 15 nítorí ìdógùn-ún tí ń lu irin wọn, ó sì ra àwọn tí ìjẹlu wọn kọjá àtúnṣe padà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ náà fara mọ́ ìparí ẹjọ́ kan lórí àwọn ọkọ̀ mìíràn tí ó ṣe lẹ́yìn ìwọ̀nyẹn, tí Tacoma ọdún 2005 sí 2010 wà lára wọn. Iye tí a ṣírò pé ó lè ná an tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ti lò nílẹ̀ òtútù ni ó ń gba èbúté Èkó àti Kùtọnu wọlé. Tòkunbọ̀ ni a ń pè wọ́n, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń mú ìwà ibi tí a bí i sí wálé, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń mú ìpáàrà ibi tí ó ti sìn wálé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò-dídì kan kò rọ̀ rí ní Ìbàdàn. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

8. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Ẹsẹ̀ ọkọ̀: taya, rìmù, họ́ọ̀bù, bóòtù, nọ́ọ̀tì àti bíárìn lápapọ̀.
Ìbẹ́ taya: títú jáde afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé taya kò lè gbà á mọ́.
Ìjò taya: jíjáde afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìbáà ṣe láti ojú ihò tàbí láti etí rìmù tí ó ti dógùn-ún.
Ìdẹ̀ nọ́ọ̀tì: dídínkù ìfúnpọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì wà ní ipò rẹ̀.
Ìyọ̀ nọ́ọ̀tì: yíyí lásán nọ́ọ̀tì tí okùn inú rẹ̀ ti jẹ.
Ìkándíẹ̀díẹ̀: kíkán irin láti ojú sísán tí ń jìn sí i.
Ìjẹ bíárìn: bíbàjẹ́ ojú irin tí bíárìn ń yí lé.
Ìbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀: kíkúrò ẹsẹ̀ lára ọkọ̀, ohunkóhun tí ì báà fà á.
Ìdógùn-ún, ìpáàrà, ìpẹtà, ìjẹlu: gẹ́gẹ́ bí a ti là wọ́n sílẹ̀ ní abala karùn-ún.

9. Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwọn orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ lè jẹ́ àyálò láìpa èdè lára, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá bá ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. A tún ti fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ onítumọ̀ kan náà jẹ́ ọrọ̀ tí a lè pín fún iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé àmì ohùn lè ya àìsàn ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. A rọ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní kíláàsì, kí wọ́n sì gbé wọn lọ sí ọgbà mẹ́káníìkì tí ó wà nítòsí wọn. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ bá kọ̀, kí a jù ú nù. Èyí tí wọ́n bá fi òmíràn tí ó sàn rọ́pò, kí a gba tiwọn. Ní ti àwọn akọ̀ròyìn àti ògbufọ̀, ohun kan péré ni a tọrọ: nígbà tí ìjàǹbá bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má ṣe kọ “taya yọ” kí wọ́n tó bèèrè bóyá ó bẹ́ ni, tàbí ó bọ́.